Ọkọ̀ tí wọ́n pè padà nígbà tó ṣì wà nílẹ̀ láìtà: ìdáhùn sí ará wa ní Kaduna

Ẹ kú ọrọ̀ ajé o, ará wa ní Kaduna. Ẹ ní ọkùnrin kan tó fẹ́ ra tókúnbọ̀ lọ́wọ́ yín fi fóònù wo nọ́ńbà ṣáṣí rẹ̀, ó rí i pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ti pè é padà fún àtúnṣe nítorí airbag, àpò tó máa ń wú láti gba èèyàn là bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ wá ń béèrè bóyá ẹ ṣì lè tà á, àti ẹni tí yóò gbé àdánù owó tó há sínú rẹ̀.

Irú rẹ̀ ti ṣe mí níbí ní Abuja, ojú mi sì rí màbo. Mo ti ra ọkọ̀ tèmi ní ọjà gbàǹjo ní Amẹ́ríkà, mo ti san owó aṣọ́bodè, mo ti gbé e síwájú ìta níbi tí àwọn tó ń lọ sí Kubwa ti lè rí i, kí ilé-iṣẹ́ tó kéde pé airbag inú rẹ̀, tí àwọn Takata ti Japan ṣe, léwu. Kẹ́míkà ammonium nitrate tó ń mú airbag náà wú ni ooru àti ọ̀rinrin máa ń bà jẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Bí ọkọ̀ bá wá forí sọ nǹkan, àgbá irin kékeré tó gbé kẹ́míkà náà a fọ́, èérún irin a sì fò mọ́ awakọ̀ lójú àti lọ́rùn. Nǹkan bí mílíọ̀nù 67 irú rẹ̀ ni wọ́n pè padà ní Amẹ́ríkà nìkan, àwọn ìpínlẹ̀ tí ooru àti ọ̀rinrin pọ̀ sí bíi Florida ni wọ́n sì fi ṣáájú. Ẹ wá ro ooru tiwa níbí ní oṣù Ẹrẹ́nà.

Mo gbé ìwé ọkọ̀ lọ bá àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ náà. Ọ̀gá tó jókòó síbẹ̀ kò tilẹ̀ wo nọ́ńbà tí mo kọ síwájú rẹ̀. Ó ń fi bírò lu tábìlì, ó ní ṣé àwọn ni wọ́n tà á fún mi. Mo kọ lẹ́tà, wọ́n ní Èkó ni kí n kọ ọ́ sí. Èkó ní Abuja ló yẹ kó dáhùn. Mo dé ọ́fíìsì ìjọba kan, wọ́n lu òǹtẹ̀ búlúù mọ́ ẹ̀dà lẹ́tà mi, ẹnikẹ́ni kò sì pè mí títí di òní. Wọ́n ń fòní dónìí, wọ́n ń fọ̀la dọ́la, bẹ́ẹ̀ ni èlé owó tí mo yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kò sinmi. Ọyẹ́ dé, eruku rọ́ wọ inú àga, bátìrì kú, eku gé wáyà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ tí máígàdì ń nù láràárọ̀ wá di èyí tí ajá ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní kí n ní sùúrù. Ta ni ó ń fi sùúrù san èlé?

Nígbà tó yá, ọ̀gá mìíràn dé ọ́fíìsì àwọn aṣojú náà, wọ́n gba ọkọ̀ wọlé, wọ́n sì pààrọ̀ ohun tó yẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyẹn kò ṣòro rárá.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ní Amẹ́ríkà, òfin kò gbà kí oníṣòwò gbé ọkọ̀ tuntun tí wọ́n pè padà lé oníbàárà lọ́wọ́ kí wọ́n tó tún un ṣe, ṣùgbọ́n òfin náà ló tún ní kí ilé-iṣẹ́ pèsè àtúnṣe tàbí kí ó rà á padà, kí ó sì san, ó kéré tán, ìdá 1 nínú 100 owó ọkọ̀ náà lóṣooṣù fún oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ dúró. Kò sí irú ìyẹn fún tókúnbọ̀. Òfin àpapọ̀ wọn kò tilẹ̀ ní kí oníṣòwò má ta ọkọ̀ àlòkù tí wọ́n pè padà, nípa bẹ́ẹ̀ ó lè gba ọjà gbàǹjo kọjá wá sí Èkó láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ tún ṣọ́ra fún mẹkáníìkì tí yóò ní òun lè yọ iná airbag kúrò lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, tàbí tí yóò ti airbag ọkọ̀ jàǹbá bọ inú tiyín. Nọ́ńbà ṣáṣí kò lè tú àṣírí airbag tí wọ́n kó láti inú ọkọ̀ mìíràn. Bí ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ rà bá ti ní jàǹbá rí, ẹ béèrè ibi tí airbag rẹ̀ ti wá kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ní ti ìbéèrè yín gan-an, ọrùn yín ni àdánù náà wà. Ẹ má tíì tà á, pàápàá tó bá jẹ́ airbag iwájú awakọ̀. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti Nàìjíríà ti ọdún 2018 kò fàyè gba kí òǹtajà tan ẹni tó ń rajà jẹ, ẹ̀yin sì ti mọ̀ báyìí. Ẹ fi nọ́ńbà ṣáṣí oní-17 ti gbogbo ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó kù nínú ọgbà yín wò lórí ìkànnì NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Bí wọ́n bá tún un ṣe, ẹ gba ìwé tó ní nọ́ńbà ṣáṣí, ọjọ́ àti òǹtẹ̀, kí ẹ fi í mọ́ ìwé aṣọ́bodè, nítorí pé ó pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n tún tèmi ṣe kí ìkànnì náà tó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, ìwé yẹn nìkan ni mo sì rí fi han ẹni tó wá rà á.