Ọkàn Ló Jáwọ́ Ni, Àbí Ẹsẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Kóòṣì. Olùkọ́ ni mí, ọmọ ọdún 36. Oṣù mẹ́rin ni mo fi múra sílẹ̀ fún Lagos City Marathon, eré ìje kìlómítà 42. Mo ti sọ̀kalẹ̀ lórí Third Mainland Bridge, mo ti dé nǹkan bíi kìlómítà 31, ni ohùn kan bá ń bi mí nínú pé, "Ta ló rán ọ níṣẹ́?" Bí mo ṣe jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti sáré kọjá kìlómítà 15, ohùn yẹn á tún dé. Kí ni mo lè ṣe tí ọkàn mi á fi le?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, Olùkọ́. Àgbà tó bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò. Nítorí náà, kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ ọkàn, ìṣẹ́jú mélòó lẹ fi sáré kìlómítà mẹ́wàá àkọ́kọ́? Ọ̀pọ̀ àwọn tó jáwọ́ ní kìlómítà 30 tí wọ́n wá bá mi ló ti fi eré àṣejù kúrò ní National Stadium, níbi tí ìje ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ariwo èrò ṣì ń gbé wọn, tí oòrùn kò sì tíì mú. Ṣúgà tí ara kó pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ sábà máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láàárín kìlómítà 30 sí 35, pàápàá tí èèyàn ò bá fi nǹkan kan sẹ́nu lójú ọ̀nà. Ẹsẹ̀ á kàn wúwo bí òjé lójijì. Ẹ má pe ìyẹn ní ojo. Oúnjẹ àti ìwọ̀n eré ló ń wò ó sàn.

Ti ohùn yẹn yàtọ̀. Ọpọlọ máa ń kígbe kí agbára tó tán pátápátá, bí ìyá tó ń pariwo pé gàrí ti tán nígbà tó ṣì ku kóńgò kan nísàlẹ̀ àpò. Ní 2004, àwọn onímọ̀ kan ní Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ fi omi tí wọ́n po èròjà afáralókun mọ́ yọ ẹnu, kí wọ́n sì tu ú dànù. Kò sí ohun tó wọ inú wọn o! Síbẹ̀ eré wọn fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún yá sí i. Ẹnu ti sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ ń bọ̀, ọpọlọ sì dẹ okùn.

Ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń bá ara rẹ̀ sọ náà lè mú kí ọpọlọ dẹ okùn. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2014, àwọn tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ́ lórí kẹ̀kẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó tó rẹ̀ wọ́n. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi kọ́ ọ, kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ ìje.

Nítorí náà, ẹ wá èsì sílẹ̀ fún ẹni tó ń bi yín pé ta ló rán yín níṣẹ́. Kó kúrú, kó bá ìgbésẹ̀ mu, kó sì jẹ́ òótọ́. "Mo lágbára bí erin" kò wúlò ní kìlómítà 31, ẹsẹ̀ yín á mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹnì kan tí mò ń kọ́ máa ń sọ pé "Ó ku òpó kan": òpó iná tó wà níwájú nìkan ló ń sáré lọ bá, tó bá débẹ̀ á tún mú òmíràn. Paula Radcliffe, tí kò sí obìnrin tó sáré máratọ́ọ̀nù yá tó o láti 2003 títí di 2019, òǹkà ló máa ń kà. Tó bá ka 100 lẹ́ẹ̀mẹta, ó mọ̀ pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré máìlì kan.

Ẹ wá fi dánra wò níbi tó ti rọrùn jù láti jáwọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ yí ipa ọ̀nà yín kó lè gba iwájú ilé yín gan-an kọjá ní kìlómítà 16. Tí ohùn náà bá dé, ẹ fún un lésì. Tó bá le jù, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ẹ má jókòó. Èmi ò ka rírìn sí jíjáwọ́, bí àwọn kóòṣì míì tiẹ̀ ń bínú sí i.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àyà ló ń dùn yín, tí òòyì ń kọ́ yín, tí òtútù ń mú yín nínú oòrùn, tàbí tí ìrora oríkèé ti sọ yín di ẹni tó ń tiro, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ pe àwọn elétò ìlera. Kò sí èsì tí a ń fún ìyẹn.

Kí ẹ tó tún forúkọ sílẹ̀ fún kìlómítà 42, ẹ sáré ìje kìlómítà 21 kan ná. Ẹ sì fi iye ìṣẹ́jú kìlómítà mẹ́wàá yẹn ránṣẹ́ sí mi, torí mo fura sí i gan-an.