Kí Ló Dé Tí Orca Kò Fi Dárúkọ Bọ́tìnnì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ọmọ mi ọkùnrin tí kò ríran ló ń bá mi kọ ìṣirò ọjà mi sórí kọ̀ǹpútà àlòkù kan tí wọ́n bá wa fi Ubuntu MATE (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) sí ní Dùgbẹ̀. Orca, ètò tó ń fi ohùn ka ọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò ríran, ń ka lẹ́tà àti ìwé fún un dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá ti ṣí ètò ìṣirò náà, "bọ́tìnnì, bọ́tìnnì" nìkan ló ń gbọ́. Wọ́n ní kí n lọ ra ètò olówó ńlá. Ṣé Orca ti bàjẹ́ ni?
Ìyá Oníṣòwò, Bódìjà, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Orca kò bàjẹ́, ẹ má sì tíì náwó. Láti ọdún 2006 ló ti wà nínú GNOME, àkójọ ètò tó ń gbé fèrèsé àti bọ́tìnnì sójú kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ sì ni títí dòní.

Orca kì í wo àwòrán tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Ńṣe ló máa ń gba ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní AT-SPI bi ètò kọ̀ọ̀kan léèrè pé kí ni nǹkan yìí, kí ni orúkọ rẹ̀, ìdáhùn tó bá sì rí gbà ni yóò sọ síta. Bí ẹni tó kọ ètò bá ya àwòrán gárawa ìdalẹ̀nù sórí bọ́tìnnì, tí kò sì sọ ọ́ lórúkọ, ẹni tó ríran á mọ̀ pé ìparẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ yín á tẹ Tab, á gbọ́ "bọ́tìnnì", á tún un tẹ̀, á tún gbọ́ "bọ́tìnnì", kò sì ní mọ èwo nínú wọn ni yóò pa àkọsílẹ̀ ọjà yín rẹ́. Ó máa ń dùn mí gan-an, nítorí ọ̀rọ̀ kan péré ni wọn kò kọ sí i.

Ní báyìí ná, ẹ jẹ́ kó kó ìṣirò náà lọ sínú Calc ti LibreOffice, ètò ìṣirò ọ̀fẹ́ kan. Bó bá ti ń fi ọfà rìn níbẹ̀, Orca á máa ka iye owó fún un, á sì máa sọ ibi tó wà, bíi B4 (òpó B, ìlà kẹrin).

Bí ẹnikẹ́ni bá tún fẹ́ fi ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Ubuntu MATE, sórí kọ̀ǹpútà náà, kí ó kọ́kọ́ fi fíláàṣì tí ètò náà wà lórí rẹ̀ tàn án, kí ọmọ yín fúnra rẹ̀ tẹ kọ́kọ́rọ́ tó ní àmì fèrèsé pọ̀ mọ́ Alt àti S. GNOME àti MATE (tí òun náà ń ṣe irú iṣẹ́ GNOME) á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Èyí tí kò bá fọhùn, ẹ má gbà á.

Níwọ̀n bí ètò ìṣirò yín bá ti jẹ́ èyí tí wọ́n ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ní kí ọmọ yín kọ̀wé sí àwọn tó kọ ọ́. Kí ó sọ ojú ewé tó wà, iye ìgbà tó tẹ Tab, ohun tí Orca sọ gan-an, àti orúkọ tó yẹ kí bọ́tìnnì náà jẹ́.