Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Álámù tó kàn lórí fóònù, kí ló dé tí áàpù mi ń gbé aago mìíràn jáde?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Mò ń kọ áàpù Android kan fún àwọn awakọ̀ tó ń gbé èrò láti Ìkéré-Èkìtì lọ sí Àkúrẹ́ ní ìdájí. Mo fẹ́ kó máa fi álámù tó kàn hàn gàdàgbà lójú fóònù. 5:30 ni awakọ̀ fi sí, 5:10 ni áàpù ń gbé jáde. Lórí fóònù mìíràn, bí mo bá ṣe ṣí i báyìí ló ń pa dé. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́. Ní ti 5:10 yẹn, ó ṣeé ṣe kí kóòdù yín má ṣì rárá. `getNextAlarmClock()`, àṣẹ tí áàpù fi ń bi Android ní álámù tó kàn, tó ti wà láti Android 5.0, kì í wò ó pé áàpù wo ló ni álámù. Nínú gbogbo èyí tí wọ́n fi `setAlarmClock()` ṣètò, èyí tó máa kọ́kọ́ dún ló ń mú wá. Áàpù àdúrà tàbí kàlẹ́ńdà lè ti gba 5:10 sílẹ̀. Èyí tí wọ́n bá fi `setExact()` ṣètò kò ní hàn níbẹ̀, bó tilẹ̀ máa dún.

Ẹ so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ `adb shell dumpsys alarm` (adb ni irinṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń bá fóònù Android sọ̀rọ̀), kí ẹ wá ibi tó kọ "Next alarm clock information". Nínú kóòdù, `info.showIntent?.creatorPackage` ló máa sọ ẹni tó ni ín. `showIntent` fúnra rẹ̀ lè jẹ́ null, ìyẹn òfo. Bí ẹ bá fẹ́ sọ package yẹn (orúkọ tí Android fi ń dá áàpù mọ̀) di orúkọ tí èèyàn ń rí, láti Android 11 ẹ ní láti kọ `<queries>` sínú manifest (fáìlì tí áàpù fi ń ṣàlàyé ara rẹ̀ fún Android), àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àṣìṣe NameNotFoundException lẹ máa rí. Android kò sì ní fún yín ní álámù kejì, àkọ́kọ́ nìkan ni. Lójú tiwa, ẹ kọ orúkọ áàpù tó ni ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ aago náà, kí awakọ̀ lè mọ ohun tó fẹ́ dún.

Èyí tó ń pa dé, ẹ yẹ null wò. Bí kò bá sí álámù kankan, null ló máa dá padà. Bí fóònù bá sì kú, gbogbo álámù ló ń pa rẹ́ títí áàpù kọ̀ọ̀kan yóò fi tún un ṣètò lẹ́yìn títàn. Pẹ̀lú bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀ yìí, ẹ ò lè fojú fo ìyẹn.

```
val info = am.nextAlarmClock
val aago = if (info == null) "Kò sí álámù"
  else DateFormat.getTimeFormat(context)
    .format(Date(info.triggerTime))
```

`am` yẹn ni `AlarmManager`. `android.text.format.DateFormat` ni kí ẹ lò. Ó ń tẹ̀ lé bí onífóònù ṣe yàn án, wákàtí 12 tàbí 24. UTC ni `triggerTime`, ní mìlísẹ́kọ́ńdì. Bí ẹ bá tò ó bẹ́ẹ̀ láìyí i sí aago Nàìjíríà, 5:30 á di 4:30.

Ẹ má ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, bátìrì lẹ ń jẹ. Ẹ jẹ́ kí receiver (apá áàpù tó ń gba ìkéde Android) máa dúró de `ACTION_NEXT_ALARM_CLOCK_CHANGED`, ìkéde pé álámù tó kàn ti yí padà. Ó wà lára ìwọ̀nba tí Android 8.0 ṣì gbà láyè nínú manifest. Kì í gbé aago wá o. Bó bá ti dé, ẹ tún pe `getNextAlarmClock()`. Kò gba permission kankan.

Ẹ fi `NEXT_ALARM_FORMATTED`, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń ka álámù tó kàn, sílẹ̀. Bí awakọ̀ kan bá ní iPhone lòun ń lò, ẹ sọ fún un pé kò sí ọ̀nà: Apple kò jẹ́ kí áàpù ẹlòmíràn ka álámù inú Clock.