Èsì: Fritz Wunderlich àti ilé ọ́pẹ́rà Metropolitan

Ẹ kú ìwádìí. Ẹ kò lè rí ohùn Fritz Wunderlich, akọrin ọ́pẹ́rà ọmọ Jámánì, tí a gbà sílẹ̀ ní ilé ọ́pẹ́rà Metropolitan ní New York tí ẹ ń béèrè, nítorí pé kò kọrin níbẹ̀ rí. Wọ́n ti pè é síbẹ̀ láti wá kọ ipa Don Ottavio nínú Don Giovanni, ọ́pẹ́rà Mozart, ní oṣù kẹwàá ọdún 1966, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án ni ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn ní ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó sì kú ní Heidelberg ní ọjọ́ 17, nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án péré kí ó pé ọmọ ọdún 36.

Metropolitan nìkan ni èyí kàn o. Bí ó bá jẹ́ ti Stuttgart tàbí Munich ní Jámánì ni ẹ ń wá, ẹ ó rí púpọ̀. Stuttgart ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1955, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Freiburg, níbi tí ó ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ olórin ijó ṣeré kí ó lè rí owó jẹun. Ipa Tamino, nínú ọ́pẹ́rà Mozart tí a ń pè ní Die Zauberflöte, ni ó sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká. Ní tèmi, èyí tí ó kọ lábẹ́ ìdarí Karl Böhm ní 1964 ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́.

Bí ẹ bá sì gbọ́ orin Verdi, ọmọ Ítálì tí ó kọ ọ́pẹ́rà ní èdè Ítálì, láti ẹnu rẹ̀ ní èdè Jámánì, kì í ṣe àṣìṣe: bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé ọ́pẹ́rà Jámánì sábà máa ń ṣe é nígbà náà.