Ẹ bi wá: Ṣé dandan ni kí n pín package mi sí méjì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń tọ́jú library kan (àkójọ kóòdù táwọn program míì máa ń lò) ní Debian, ìyẹn ètò Linux kan. Ẹnì kan ní òun ń fi kọ̀ǹpútà amd64 build nǹkan fún arm64 (oríṣi processor méjì tó yàtọ̀ síra ni wọ́n), àmọ́ tó bá ti débi package -dev tèmi, èyí táwọn tó ń fi library náà kọ program máa ń gbé wọlé, "Exec format error" ló ń rí, ló bá ní kí n pín in sí méjì. Mi ò fẹ́ máa sọ package di púpọ̀ lásán, ṣé kò sọ́nà míì ni?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni onítọ̀hún ń sọ, ẹ pín in. Ó jọ pé irinṣẹ́ kan tó ń kọ kóòdù wà ní /usr/bin nínú -dev yín yẹn. Ẹni tó ń build fún arm64 nílò àwọn fáìlì .h àti .so ti arm64 lóòótọ́, àmọ́ irinṣẹ́ yẹn, orí amd64 tó wà níwájú ẹ̀ ló ti fẹ́ lò ó, tí apt, tó ń bá Debian gbé package wọlé, bá wá gbé -dev ti arm64 wọlé, irinṣẹ́ arm64 ló máa bá a wọlé, kọ̀ǹpútà ẹ̀ ò sì lè lò ó rárá.

Ẹ wo protobuf, library kan tó ń to data kó ṣeé fi ránṣẹ́: libprotobuf-dev wà lọ́tọ̀, protobuf-compiler tí protoc, irinṣẹ́ tó ń kọ kóòdù, wà nínú ẹ̀ náà wà lọ́tọ̀. "Multi-Arch: same" ni wọ́n kọ sí ti àkọ́kọ́, kí ti amd64 àti ti arm64 lè jọ wà lórí ẹ̀rọ kan, ọ̀kan ní /usr/lib/x86_64-linux-gnu, ìkejì ní /usr/lib/aarch64-linux-gnu. "Multi-Arch: foreign" ni ti protobuf-compiler, kí apt lè mú èyí tó ṣeé lò lórí ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀.

Foreign yìí gan-an ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún o, ẹ má kàn kọ ọ́ torí kí error lè kúrò. Ẹ̀ ń ṣèlérí ni pé ohun tí irinṣẹ́ yín bá gbé jáde ò ní yàtọ̀ láti architecture kan sí òmíì. Tó bá jẹ́ pé ṣe ló ń wo bí long (oríṣi nọ́ńbà kan nínú èdè C) ṣe tóbi tó lórí ẹ̀rọ tó ti ń ṣiṣẹ́, irọ́ nìyẹn, torí báìtì 8 ni long lórí amd64, 4 ni lórí armhf (ARM ti bit 32), build á parí wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹni tó bá lo package yẹn lórí armhf ni ìyà máa jẹ.

Tó bá sì jẹ́ pé script -config kékeré lásán, tó kàn ń sọ ibi tí library wà, ló wà níbẹ̀, ẹ má pín nǹkan kan, fáìlì .pc fún pkg-config ti tó.

Tẹ́ ẹ bá pín in, ẹ jẹ́ kí -dev ṣì Depends lórí package tuntun náà (ìyẹn ni pé kó máa fà á wọlé), kí iṣẹ́ àwọn tó ti ń lò ó má bàa bàjẹ́, kẹ́ ẹ sì fi Breaks àti Replaces sí package tuntun náà, kó lè gba fáìlì tó kúrò nínú -dev àtijọ́ láìsí ìjà. Ó máa gba NEW kọjá (ibi tí wọ́n ti ń yẹ package tuntun wò), torí náà ẹ tètè gbé e lọ kí freeze, ìgbà tí wọ́n máa ń dá àyípadà dúró ká tó gbé Debian tuntun jáde, tó dé.