Sí àbúrò tó fẹ́ ṣe ìròyìn òṣèlú lórí tẹlifíṣàn

Àbúrò mi tó wà n'Íléṣà, tó ń bèèrè pé ṣé èèyàn lè fi ìròyìn òṣèlú lórí tẹlifíṣàn jẹun dọjọ́ alẹ́, ó ṣeé ṣe o, Ilé-Ifẹ̀ níbí lèmi ti fi ṣiṣẹ́ ṣe títí irun mi fi funfun. Ohun tó jẹ́ kí n pẹ́ níbẹ̀ ni pé mi ò kí ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu olóṣèlú sáfẹ́fẹ́ kójú mi tó rí ìwé.

Wo ìdìbò gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní 2018. September 22 la dì í, Adeleke ti ẹgbẹ́ PDP fi ìbò 353 ṣíwájú, INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, ní kò tíì parí, wọ́n wá tún un dì ní September 27 láwọn ibùdó méje, tó fi mọ́ Gúúsù Ifẹ̀ àti Àríwá Ifẹ̀, Oyetola ti ẹgbẹ́ APC wá fi ìbò 482 ṣíwájú wọlé. Ìbò 482 péré ní gbogbo ìpínlẹ̀! Tó o bá ṣi òǹkà kan ṣoṣo pè lọ́jọ́ yẹn, ìgboro lè dàrú, bẹ́ẹ̀ àwa tí ìjà Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ ọdún 1997 ṣojú wa, lórí ibi tí olú ìjọba ìbílẹ̀ máa wà, a mọ nǹkan tó ń jẹ́ kí ìlú dàrú.

Torí ẹ̀, tí wọ́n bá ti lẹ fọ́ọ̀mù EC60E, ìwé èsì ìbò ibùdó, mọ́ ògiri, ní kí kamẹ́ramáànù ẹ sún mọ́ ọn dáadáa, kó gba orúkọ ibùdó lókè, kó gba ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó rọra sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ìwé náà. Ìwọ náà dà á kọ. Lóòótọ́ INEC ti ń gbé fọ́ọ̀mù EC8A, tí wọ́n kọ èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan sí, sórí IReV, ojúlé wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, báyìí, àmọ́ tìẹ ṣì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ.

Owó mọ́tò táwọn olóṣèlú ń pín fáwa oníròyìn lẹ́yìn ìpàdé, má gbà á. Ó dùn mí nígbà tí ọ̀gá kan mú mi kúrò nídìí òṣèlú torí mo bi alága ìjọba ìbílẹ̀ kan léèrè iye tí wọ́n fi tún títì ṣe, inú mi bàjẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba yí padà, àwọn alága yẹn gan-an ló ń pè mí pé kí n wá gbọ́ tẹnu àwọn, torí aráàlú gba ohun tí mo bá sọ gbọ́.

Má sì dúró dìgbà tí ilé iṣẹ́ kan máa gbà ẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ méjì ló wà nínú Iléṣà, lọ bèèrè bọ́jẹ́ẹ̀tì wọn, kó o wá fi fóònù ẹ ya àwọn títì tí wọ́n láwọn ti ṣe.