Ẹ wo gọ́tà àti ògiri yín kí ẹ tó ra ìtàkùn

Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìjọ. Mo ti ka ohun tí ẹ bèèrè. Ẹ fẹ́ mọ ìtàkùn tó yẹ kí ẹ jẹ́ kó fà sára ògiri ilé ìjọsìn yín tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ gbalasa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè di ọgbà tí ọmọ ìjọ àti aládùúgbò á jọ máa gbin nǹkan sí. Ẹ ní ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i, ayàwòrán ilé kan ti ní òun á bójú tó o, ó ku kí ẹ lọ ra ìtàkùn. "Ó ku kí ẹ lọ ra ìtàkùn" yẹn ló jẹ́ kí n jókòó ti ìdáhùn yìí, torí ojú mi ti rí màbo lórí ọ̀rọ̀ ìtàkùn àti ògiri. Bó bá gùn, ẹ forí jì mí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí ìtàkùn kọ̀ọ̀kan ṣe ń gun nǹkan. Àwọn tó ń tà á kò ní sọ ọ́ fún yín. Òdòdó tó ń tàn ni wọ́n á máa fi hàn yín. Àwọn kan wà tó ń fúnra wọn lẹ̀ mọ́ ògiri. Ivy, tí orúkọ ìwé rẹ̀ ń jẹ́ Hedera helix, àti Ficus pumila máa ń yọ gbòǹgbò wẹ́wẹ́ lára ẹ̀ka wọn, gbòǹgbò yẹn ni wọ́n fi ń di ògiri mú. Parthenocissus ní tirẹ̀ ní ọwọ́ tín-ín-rín, orí ọwọ́ yẹn á sì tẹ́ pẹlẹbẹ mọ́ ògiri ní gbàrà tó bá ti kàn án. Charles Darwin, onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí ará England, tó tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí ìtàkùn jáde ní 1865, sọ nípa ẹ̀ka ọwọ́ kan ṣoṣo báyìí tó ti tó nǹkan bí ọdún 10, tó ṣì gbé ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó kílò kan. Ẹ ṣírò ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ lára ògiri kan, kí ẹnì kan wá ní òun fẹ́ fi ọwọ́ fà á kúrò. Ẹ̀yà kejì kì í fara kan ògiri rárá: á lọ́ mọ́ wáyà tí wọ́n ta síwájú ògiri, bíi jasmine, tàbí kó fi ọwọ́ rẹ̀ di wáyà mú, bíi Passiflora. Ẹ̀kẹta kàn ń fara ti nǹkan ni. Bougainvillea wà nínú èyí. Àfi kí ẹ máa so ó, ẹ̀gún rẹ̀ kò sì mọ akọ̀wé yàtọ̀ sí alága.

Ayàwòrán ilé tí ìgbìmọ̀ ìjọ tiwa gbà mú èyí tó ń fúnra rẹ̀ lẹ̀. Èmi ni mò ń tọ́jú ilé nígbà náà. Mo mú un lọ sẹ́yìn ilé, mo fi gbogbo ibi tí ògiri ti sán hàn án, mo fi ọ̀bẹ ha àárín bíríkì níwájú rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ ń dà sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn onímọ̀ Yunifásítì Oxford ti ṣèwádìí fún English Heritage, àjọ tó ń bójú tó ilé àtijọ́ ní England, wọ́n sì ti rí i pé ivy ń dáàbò bo ògiri ni. Òótọ́ ni wọ́n ṣèwádìí yẹn. Wọ́n rí i pé ewé rẹ̀ kì í jẹ́ kí ògiri gbóná jù tàbí kó tutù jù, ó sì máa ń gba èéfín àti eruku ọkọ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà ló sọ pé níbi tí ògiri bá ti ní ihò tàbí tó ti sán, ivy lè ki gbòǹgbò bọ̀ ọ́ kó sì bà á jẹ́. Ọ̀gá ka apá tó wù ú, ó fi èyí tó kù sílẹ̀. Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Tiwa ti lanu kalẹ̀, mo sì ti nàka sí ẹnu rẹ̀. Lójú tèmi, wáyà ni ọkùnrin náà ń sá fún. Ìtàkùn tó ń fúnra rẹ̀ lẹ̀ kò béèrè wáyà, kò sì béèrè kí ayàwòrán ilé tún padà wá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó dùn ún wò. Gbogbo ẹni tó bá wá jọ́sìn ló ń ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Ìgbà tó gun òrùlé ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ewé kún inú gọ́tà, ó jẹrà síbẹ̀, ẹ̀ka tuntun gba abẹ́ etí òrùlé wọlé. Òjò tó yẹ kó gba gọ́tà lọ wá ń ṣàn gba ara ògiri bọ̀ sínú ilé. Òkè ibi tí àwọn akọrin ń jókòó ló kọ́kọ́ wú, ọ̀dà ń bó, àjà bu, òórùn ọ̀rinrin ò sì jẹ́ kí èèyàn gbádùn ìjọsìn. Nígbà tí a máa fi ṣí ẹ̀ka rẹ̀ wò, ikán ti mọ ọ̀nà sábẹ́ rẹ̀ láti ilẹ̀ títí dé ara igi òrùlé. Bí ògiri bá wà ní gbangba, ẹ máa rí ọ̀nà ikán lára rẹ̀ kí wọ́n tó jìnnà. Níbi tí ikán bá wà, ìtàkùn tó bo ògiri mọ́lẹ̀ ń bá wọn pa ilẹ̀kùn dé ni.

Ẹ wá gbọ́ ti àwọn ọ́fíìsì. Èyí tó ń bójú tó ilé àtijọ́ ní a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ojú ilé náà láìgba ìwé àṣẹ, àti pé ìtàkùn ti di ara ìrísí rẹ̀. Ìrísí wo? Ìtàkùn tí ilé náà fi ọ̀pọ̀ ọdún jù lọ! Ọ́fíìsì kejì, èyí tó ń rí sí ewu ilé, ní sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri lè já lu ẹni tó ń kọjá, kí a yọ ohun gbogbo kúrò kíá. Mo gbé ìwé èyí lọ bá tọ̀hún. Ẹni tó wà nídìí tábìlì àkọ́kọ́ ní kí n lọ gba ìwé wá lọ́dọ̀ ẹnì kejì. Ẹnì kejì ní òun kò lè kọ nǹkan kan àfi tí òun bá rí ti àkọ́kọ́. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì wọn títí tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fi mọ̀ mí lórúkọ. Ìtàkùn kò dúró de òǹtẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ayàwòrán ilé ní tirẹ̀ fèsì pé ìtọ́jú kò sí nínú àdéhùn òun. Nígbà tí ìwé àṣẹ máa jáde, wọ́n ní òṣìṣẹ́ tí àwọn bá yàn nìkan ló lè ṣe é. Àwọn yẹn dé, wọ́n gun àkàbà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìtàkùn tútù ya bí ẹni ń yọ bándéèjì lójú egbò. Sìmẹ́ńtì ògiri bá a wálẹ̀. Ìnáwó tí a fi tún ògiri rẹ́ ju ti wáyà tí wọ́n sá fún lọ fíìfíì.

Ẹ jọ̀ọ́, bí irú rẹ̀ bá ti wà lára ilé yín tẹ́lẹ̀, ẹ má fà á ní tútù. Ẹ gé e ní ìdí, kí ẹ sì yọ ègé kan kúrò láàárín kí òkè àti ìsàlẹ̀ má baà kan ara wọn mọ́. Ẹ fi sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan kó gbẹ dáadáa. Ìgbà náà ni kí ẹ máa tú u díẹ̀díẹ̀ láti òkè. Gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tó bá ṣẹ́kù, búrọ́ọ̀ṣì líle ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe oníwáyà, torí bíríkì àtijọ́ rọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú iná wá jó o kúrò. Igi òrùlé wà lókè níbẹ̀. Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ wò ó bóyá ẹyẹ ń pamọ nínú rẹ̀. Ẹ hú kùkùté, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á tún rú.

Ní ti ògiri yín, ẹ fi ìka kàn án káàkiri. Ibi tó bá ń dún bí ohun tó ṣófo inú, sìmẹ́ńtì ibẹ̀ ti yà kúrò lára ògiri. Ẹ dúró síta nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kí ẹ wo ibi tí omi ń gbà. Gọ́tà tó ń jò kì í purọ́ nínú òjò, àmọ́ lójú ọ̀dá kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ẹ wo bí ilẹ̀ ìta ṣe ga tó. Ó yẹ kó fi nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 15 relẹ̀ ju ilẹ̀ inú ilé lọ, torí bí ẹ bá kó erùpẹ̀ ọgbà jọ sí ìdí ògiri, ọ̀rinrin á gba orí erùpẹ̀ yẹn wọlé, kò sí ọ̀dà tó lè dá a dúró. Wáyà tó kì í dípẹtà ni kí ẹ lò, kó jìnnà sí ògiri ní sẹ̀ńtímítà 5 ó kéré tán, 10 dára jù, kí atẹ́gùn lè máa gba ẹ̀yìn ewé kọjá. Wáyà tó kẹ́yìn lókè kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ gọ́tà. Ẹ jẹ́ kó kù tó mítà kan. Gbígbìn fúnra rẹ̀ kò le: ẹ gbẹ́ ihò tó jìnnà sí ògiri ní nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 45, ẹ gbìn ín, ẹ bomi rin ín, ẹ fi ọ̀pá darí rẹ̀ sí wáyà.

Bí ayàwòrán ilé bá sì gbé fọ́tò musíọ́mù quai Branly wá, èyí tó ṣí ní Paris ní 2006 tí Patrick Blanc, onímọ̀ ewéko ará Faransé, fi ewéko bo ògiri rẹ̀, ẹ dìde kúrò nínú ìpàdé. Ewéko yẹn kò sí nínú ilẹ̀. Aṣọ nípọn tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ló ta gbòǹgbò sí, ẹ̀rọ ló sì ń gbé omi àti oúnjẹ rẹ̀ sókè nínú páìpù. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ nígbà ooru, gbogbo rẹ̀ gbẹ nìyẹn. Musíọ́mù lágbára rẹ̀. Ìjọ tó ń dáwó láti tún bẹ́ǹṣì ṣe kò ní.

Ọ̀rọ̀ ọgbà. Bí ilé náà bá ti pẹ́, ẹ má gbin ohun jíjẹ sí ìdí ògiri. Ọ̀dà àtijọ́ máa ń ní òjé nínú. Amẹ́ríkà fòfin dè é fún ilé gbígbé ní 1978, àmọ́ èyí tó ti bó sílẹ̀ ṣáájú ìgbà náà ṣì wà nínú ilẹ̀, torí òjé kì í jẹrà. Ọmọdé tó ń fi ọwọ́ erùpẹ̀ sẹ́nu ló wà nínú ewu jù, lẹ́yìn náà ewébẹ̀ àti ohun tó ń ta sínú ilẹ̀. Ẹ mú erùpẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ilẹ̀ wò. Bí wọ́n bá ní kí ẹ mú ìwé ilẹ̀ wá kí wọ́n tó gba erùpẹ̀ lọ́wọ́ yín, bí wọ́n ṣe sọ fún mi, ẹ wá ibòmíràn. Ohun tó dájú jù ni kí ẹ fi pákó ká ebè, kí ẹ sì kó erùpẹ̀ mímọ́ kún un, kó jìn tó sẹ̀ńtímítà 30. Ẹ má lo igi ojú irin rélùwéè àtijọ́, creosote, èròjà olóró tí kì í jẹ́ kí igi jẹrà, ni wọ́n rì í sí. Bí wọ́n bá ti sìnkú sí ilẹ̀ náà rí, ẹ má gbẹ́ ẹ rárá.

Kí ebè má fẹ̀ ju mítà 1.2 lọ, kí ọwọ́ lè dé àárín láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kí ọ̀nà àárín wọn fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 90, torí àga oníkẹ̀kẹ́ àwọn àgbàlagbà. Omi ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Bí òjò ò bá rọ̀, ebè kan tó gùn ní mítà 3 lè mu nǹkan bíi lítà 90 lọ́sẹ̀. Ẹ ní ilẹ̀ náà lè gba ebè 20. Ta ló máa gbé omi yẹn lọ́jọ́ tí kò sí ìjọsìn? Bí kò bá sí ẹ̀rọ omi nítòsí, ebè 4 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn alákòóso ilẹ̀ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọdún mélòó ni ọgbà fi máa wà níbẹ̀, àti ẹni tó ni ìkórè. Mo mọ ìjọ tí wọ́n ti sọ ọgbà tó ń so di ibi ìgbọ́kọ̀sí nítorí ìpàgọ́ kan ṣoṣo, àwọn aládùúgbò kò sì kí wọn mọ́.

Áà, ìtàkùn gan-an lẹ bèèrè. Fún ògiri ìwọ̀ oòrùn, ẹ mú èyí tó ń lọ́ mọ́ wáyà tàbí tó ń fi ọwọ́ dì í. Níbi tí òtútù ò bá ti pọ̀, Passiflora dára, ó ń yára bo wáyà, àmọ́ kì í pẹ́ láyé, ẹ máa ní láti tún un gbìn lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Jasmine pẹ́ jù ú lọ. Níbi tí òtútù bá ti ń mú gan-an, ẹ mú èyí tó ń wọ́wé, kí oòrùn lè kan ògiri nígbà òtútù. Wisteria lẹ́wà, àmọ́ ara rẹ̀ máa ń ki bí igi, ó sì lè fún gọ́tà pọ̀ títí á fi wó. Antigonon leptopus àti Thunbergia grandiflora ti di èpò ní ilẹ̀ púpọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Ooru ìrọ̀lẹ́ máa ń gbẹ ilẹ̀ ìdí ògiri yẹn, nítorí náà ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ gbé fọ́tò ibi tí gọ́tà ti pàdé òrùlé sí ibí yìí, àti ti ìdí ògiri níbi tó ti kan ilẹ̀. Ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ ayàwòrán ilé yín, kó kọ ọ́ sínú ìwé, orúkọ ẹni tó máa gun àkàbà lọ gé ìtàkùn náà ní ọdún kẹta.